Ẹsẹ̀ Kẹtàlá

Aago méjì òru, ní Ṣàgámù,
fèrè ké nínú àká obì Bàbá Ṣófowóra.
Gbogbo ajá Sábó gbà á lẹ́nu rẹ̀.
Àwọn ọlọ́dẹ tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá olè títí,
olè kan ò sí.
Èmi ni.

Èmi Odùnúgà, ọmọ tó ní òun mọ ẹ̀rọ,
tó ṣèlérí fún àgbàlagbà pé
bí ooru bá mú obì, fáànù á yí fúnra rẹ̀,
bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, fìtílà á ṣẹ́jú.
Ó sì ṣẹ́jú. Odindi ọdún kan ló fi ṣẹ́jú
lórí bọ́ọ̀dù aláwọ̀ aró tí ò ju ìka mẹ́ta lọ,
tí fáànù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ kẹtàlá.

Àrá ọjọ́ Ẹtì ló pa bọ́ọ̀dù náà.
Mo gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ, mo ra òmíràn lọ́wọ́ Ọnàkọ̀yà.
Ó ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."
Òótọ́ ni, iye ẹsẹ̀ wọn dọ́gba,
àmọ́ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá
ni wọ́n ti so fèrè mọ́ ẹsẹ̀ kẹtàlá tirẹ̀.
Mo da iṣẹ́ àná lé e lórí, mi ò wojú ẹ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ti ń làágùn.

Bàbá ò pariwo. Ó fi ọ̀pá kan ògiri:
"Ṣé o rí orúkọ oníbàárà kankan níbí?
Ara apẹ̀rẹ̀ ni mò ń so páálí mọ́.
Ti Kánò lọ, ti Ìlọrin dé,
ògiri mi ò gbọ́ sí i."

Mo délé, mo ṣí iṣẹ́ mi wò.
Ẹ̀tàlá wà níbẹ̀, ibi mọ́kànlélógójì.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ojú tì mí.
Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
èmi sọmọ lórúkọ tán
kí n tó béèrè ilé.

Láíbìrì mi ò mọ nọ́ńbà mọ́.
Fáànù ló mọ̀. Fìtílà ló mọ̀. Fèrè ló mọ̀.
Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń mú ìwé ilé tirẹ̀ bọ̀,
ìwé pẹlẹbẹ, ìlà mẹ́fà péré:
fáànù ńbí, fìtílà lọ́hùn-ún,
iná kékeré ni mò ń mu, ẹ má fún mi ní ńlá.
Kọ̀ǹpáílà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà
bí akọ̀wé kóòtù Ìpẹrù
tó ń kàwé délẹ̀ kó tó tẹ òǹtẹ̀.
Ìwé ilé tí a ò lò, kì í dì í mọ́ ẹrù;
bọ́ọ̀dù kékeré ò lè ru ẹbí ẹlẹ́bí.
Bí mi ò bá sì dárúkọ ilé, á kọ̀ jálẹ̀:
"Ta lẹ fẹ́ rán mi sí?"
Mo fẹ́ràn kíkọ̀ yẹn.
Ọ̀sán gangan ló ń kọ̀, lójú mi,
tíì mi ṣì gbóná lórí tábìlì.
Kò dúró dòru.

Lánàá, Ọnàkọ̀yà tún fi ọ̀kan ránṣẹ́, pupa fòò,
kò níwèé, wọ́n ti ha orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀ dànù.
Mo yá gíláàsì ìyá mi, mo dojú bò ó,
mò ń ka ẹsẹ̀ bí ẹni ń ka ti ọ̀kùn.
Bàbá Ṣófowóra yọjú, awẹ́ obì lẹ́rẹ̀kẹ́:
"Èwo ni fáànù nínú wọn?"
Mo ní, "Ẹ fún mi dìrọ̀lẹ́, Bàbá.
N ò tíì mọ ilé ẹ̀."
Ó fa àpótí, ó jókòó tì mí,
òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà.